Ràmọ́tà, Pákò Mi àti Eyín Iwájú Méjì

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, mo ti fọ eyín fún ọ̀ọ̀nì rí. Létí odò Ògùn ni, ní ọ̀sán gangan. Ọ̀ọ̀nì la ẹnu sílẹ̀, mo fi pákò ha á láti apá ọ̀tún dé apá òsì. Mo ní kó fi omi ṣan ẹnu, ó ṣan án. Mo ní kó tutọ́, ó tutọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó wọ omi lọ. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀ọ̀nì. Ṣùgbọ́n eré ọmọdé ni iṣẹ́ ọ̀ọ̀nì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Ràmọ́tà, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, fi ojú mi rí ní Òwu.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Ìwé karùn-ún rí mi lókèèrè, ó sá. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń gé pákò nínú igbó Wásinmi, tí mo ń là á, tí mo ń dì í, tí mo ń gbé e lọ tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Bàbá Lámídì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó máa ń sọ pé pákò tí òun bá gé, eyín ẹni tó bá lò ó kò ní í ká títí ayé. Eyín mẹ́ta péré ló kù sí òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi í léèrè. Òun ló fi orín ata hàn mí, pákò kan tó máa ń ta ẹnu bí ata gidi, tí ètè èèyàn yóò wá kú, tí kò ní í mọ̀ bóyá òun ń rẹ́rìn-ín tàbí òun ń sunkún.

Nígbà tí orúnkún mi ní òun ò lọ sígbó mọ́, Màmá Ìbídùn, tó ni ilé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Òwu, fi mí ṣọ́ gétì. Iṣẹ́ náà kò le: ṣí gétì, ti gétì, má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan tẹ̀ lé ewúrẹ́ jáde. Bàbá Pákò ni wọ́n ń pè mí, nítorí pákò kì í kúrò lẹ́nu mi títí oòrùn yóò fi yọ dáadáa. Bí wọ́n sì ṣe tọ́ mi nílé wa ni pé ẹni tí kò tíì fọnu kì í kí èèyàn, kì í sì í dáhùn. Bí kábíyèsí fúnra wọn bá kí mi nígbà tí pákò ṣì wà lẹ́nu mi, orí ni n ó mì sí wọn.

Ìyá bàbá Ràmọ́tà ló ń tọ́jú rẹ̀, Àlàájà kan tó ń ta abọ́ àti ìkòkò. Àlàájà fẹ́ràn ọmọ yìí débi pé súìtì ló fi ń jí i, súìtì náà ló fi ń rẹ̀ ẹ́ sùn. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì wá yẹ eyín àwọn ọmọ wò, ó gbé ètè Ràmọ́tà sókè, ojú rẹ̀ sì yí padà. Eyín iwájú méjì tó wà lókè ti pọ́n bí obì nídìí.

"Ta ló ń fọ eyín fún ọmọ yìí?"

"Kì í gbà," ni Àlàájà wí. "Eyín ọmọdé náà ṣáà ni. Bó bá ká, á tún hù."

"Àlàájà, ó ku ọdún bíi mélòó kan kí òmíràn tó hù o. Títí dìgbà yẹn, kí lẹ fẹ́ kó máa fi gé ẹran? Ètè?"

Nọ́ọ̀sì ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ìsinmi. Kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ láàárọ̀, kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ nígbà tó bá fẹ́ sùn. Ọṣẹ ìfọyín kò gbọdọ̀ ju bíi hóró ìrẹsì kan lọ. Súìtì sì ti parí. Bí òun bá padà dé tí ìbàjẹ́ náà bá ti wọlé, wọn yóò yọ eyín méjèèjì ni. Àlàájà tó ti ń ṣe bí akọni tẹ́lẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Àǹtí Bọ́sẹ̀, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ló kọ́kọ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì dé. Ràmọ́tà pa ẹnu dé. Àǹtí kọrin, kò la ẹnu. Àǹtí jó, kò la ẹnu. Àǹtí fọ eyín bèbí rọ́bà, Ràmọ́tà pàtẹ́wọ́ fún bèbí, kò la ẹnu. Nígbà tí Àǹtí wá fi ìka ṣí i, ó la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, ó bu ìka jẹ. Igbe tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ ké dé Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ pè mí lórí fóònù pé ta ló kú ní Òwu.

"Ẹ gbé e fún mi," ni mo wí. "Iṣẹ́ mi nìyí."

Mo bó orín ata kékeré kan, mo fi ṣóńṣó rẹ̀ kan ètè rẹ̀. Lójú mi, ọmọ tí ẹnu bá ń ta kò ní í lè pa á dé. Òótọ́ ni, kò pa á dé. Ó fi ké títí aládùúgbò fi yọjú lórí ògiri.

"Bàbá Pákò!" ni Màmá Ìbídùn kígbe. "Ọmọ ọdún méjì! Orín ata!"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣí."

"Ẹ̀yin àti pákò yín, ẹ padà sí gétì!"

Láti ìgbà náà, bí Ràmọ́tà bá ń kọjá lọ́dọ̀ mi, ẹ̀yìn Àlàájà ló ń gbà, ojú kan péré ló fi ń yọ wò mí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọmọ náà kò lè ṣe aláìṣe: kíkí. Ó ń kí èèyàn, ó ń kí ewúrẹ́, ó ń kí ọ̀pá iná. Bí o kò bá dá a lóhùn, ọjọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbàgbé pé òun ń bá mi bínú.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀!"

Mo mirí.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o!" Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú.

Mo nawọ́ sí pákò, mo nawọ́ sí ẹnu mi, mo mirí.

"BÀBÁ!" Omi ti ń lé téńté lójú rẹ̀.

Mo juwọ́ sí Àǹtí Bọ́sẹ̀ pé kó mú búrọ́ọ̀ṣì wá. Mo fi í lé Ràmọ́tà lọ́wọ́. Mo ha tèmi, ó ha tirẹ̀. Mo tutọ́ sí gọ́tà, ó tutọ́ sí àyà ara rẹ̀. Mo fi omi ṣan ẹnu mo tu ú dànù, òun ṣan án, ó gbé e mì. Ìgbà náà ni mo wá lahùn: "Káàárọ̀ o, Ràmọ́tà ọmọ Àlàájà! Ṣé dáadáa lo jí?" Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ipò.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láràárọ̀. Bó bá ti ṣe tirẹ̀ tán, Àǹtí Bọ́sẹ̀ yóò gbé e jókòó lé itan, yóò fi orí rẹ̀ ti àyà, yóò wá rọra fi búrọ́ọ̀ṣì yípo níbi tí eyín ti wọ inú erìgì, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé gbogbo ibẹ̀. Ràmọ́tà yóò sì la ẹnu sílẹ̀, nítorí kò sí káàárọ̀ títí Àǹtí yóò fi ṣe tán.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé kì í ṣe lẹ́nu gétì mi lọmọ ti ń jí. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún Àlàájà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló já wọlé, ìborùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

"Màmá Ìbídùn! Ọmọ mi ti yadi! Láti ìgbà tó ti jí ni mo ti ń kí i, orí ló ń mì sí mi. Mo fún un ní súìtì, ó nawọ́ sẹ́nu. Mo ti ránṣẹ́ pe Àfáà!" Ó yíjú sí mi. "Bàbá, kí lẹ fún ọmọ mi jẹ lánàá?"

Pákò wà lẹ́nu mi. Mo mirí, mo nawọ́ sẹ́nu.

"Yéè!" ni Àlàájà figbe ta. "Ó ti ran bàbá náà!"

Àǹtí Bọ́sẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè dìde. Màmá Ìbídùn ló sáré mú búrọ́ọ̀ṣì wá. Ràmọ́tà fọnu, wọ́n bá a parí rẹ̀, ó tutọ́, ó kúnlẹ̀: "Ìyá, ẹ káàárọ̀."

Àlàájà fẹ́ gbá a mọ́ra, ọmọ fà sẹ́yìn. "Ìyá, ẹ fọnu."

"Èmi? Mo ti ṣe àlùwàlá láti ìdájí! Ẹnu mi mọ́ ju ti gbogbo yín lọ."

Ràmọ́tà fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àlàájà tó wú. Súìtì tí ọmọ kọ̀ ló wà níbẹ̀. Àlàájà wò mí, ó wo Màmá Ìbídùn, ó tu súìtì sọ́wọ́. Ọjọ́ náà ni búrọ́ọ̀ṣì méjì wọ ilé wọn, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá, súìtì sì bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Ìsinmi parí, nọ́ọ̀sì dé. Ó gbé ètè Ràmọ́tà sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Eyín méjèèjì funfun báláú! Wọ́n ń kọ mànà débi pé nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ojú. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún mi ní gétì, ó ní kí n wá máa kọ́ àwọn dókítà níṣẹ́.

Ibẹ̀ yẹn ni mo ti purọ́. Nọ́ọ̀sì kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, eyín kò sì kọ mànà. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti bàjẹ́ wọ inú kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn án, wọ́n sì yọ ọ́. Èkejì ni nọ́ọ̀sì ní yóò dúró, pé fífọ ló gbà á sílẹ̀. Lọ́jọ́ yíyọ, Àlàájà kò lè wọlé, ìta ló dúró sí. Itan mi ni Ràmọ́tà jókòó lé. Àtàǹpàkò mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi parí, ó tilẹ̀ fi í sẹ́nu lẹ́yìn náà, kò bù ú jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá mi ní gétì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó fọ ti apá ọ̀tún, ó fọ ti apá òsì. Nígbà tó dé ibi tó ṣófo, ó rọra fọ ibẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, mo yọ pákò lẹ́nu, mo ní, "Ràmọ́, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́ o."

Ó mirí. Ó nawọ́ sí pákò mi, ó nawọ́ sí ẹnu mi. Mo dá pákò padà sẹ́nu, mo pa ẹnu mi mọ́.