Igi Òrí tí Iná Tábà Jẹ

Nígbà tí mo ṣì kéré, lóko wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, kò sóhun tí à ń bẹ̀rù bí kí iná tábà kú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé ewé lásán ni. Bí wọ́n bá ti so ewé náà rọ̀ sínú ilé amọ̀ tí wọ́n fi ń yan án, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni iná fi gbọ́dọ̀ jó. Bó bá rọlẹ̀, ewé á dúdú, kò sẹ́ni tí yóò rà á.

Lọ́dún kan, lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, igi tán. Ìgbẹ́ tí a ti ń ṣẹ́gi ti di pápá, torí gbogbo oko tó yí wa ká ló ń yan tábà. Kí bàbá mi tó rìn dé ibi tí igi gbígbẹ wà, kó sì padà, iná á ti kú. Ojú rẹ̀ bá bọ́ sára igi òrí tó wà láàárín oko.

Nílẹ̀ wa, ọkùnrin ló ń roko, ṣùgbọ́n obìnrin ló ni èso òrí. Bí ìyá bàbá mi ti rí àáké lọ́wọ́ bàbá mi, ó lọ fẹ̀yìn ti igi náà.

“Bàbá rẹ roko yìí títí ó fi kú, ọkọ́ rẹ̀ ń yí igi yìí ká ni. Ṣé ìwọ wá gbọ́n jù ú lọ?”

“Ìyá mi, ẹ dákun. Iléèwé gírámà ọmọ yìí ló so rọ̀ sínú ilé yẹn.”

“Ó dáa. Bí ọyẹ́ bá dé, kó fi tábà para!”

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá àgbà kò yẹsẹ̀. Ìyá mi ló wá dì í lọ́wọ́ mú, tó rọra fà á kúrò nídìí igi, omi ń bọ́ lójú òun náà.

Wọ́n gé e. Ṣùgbọ́n igi tútù ni: ó ń yọ omi, ó ń rú èéfín, kò gbóná. Bàbá mi fẹ́ná títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ìyá àgbà kò bú u. Ó jókòó tì í, ó ń bá a fẹ́ ẹ. Kí oòrùn tó wọ̀, ewé tó ti pọ́n bí ìyeyè ti dúdú pátá. Ọdún méjì ni mo fi jókòó sílé kí n tó wọ gírámà.

Bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àìmọ̀kan àgbẹ̀ ló ń run igbó, ó máa ń dùn mí. Bàbá mi mọ ohun tó ń gé. Ní báyìí, ẹ lè rìn láti oko wa dé títì kí ẹ má rí igi òrí kan. Mo gbin ọ̀kan sẹ́yìn ilé lọ́dún tí mo bí àkọ́bí mi. Ọmọ ti ń sáré kiri. Igi ò tíì ga dé orókún rẹ̀.