Òrí tí Mọ́nsúrù Fi Pa Orúnkún Mọ́tò

Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Mọ́nsúrù oníṣu, ará Ṣakí, àfi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan mọ́tò rẹ̀ tàbí Misturat ọmọ rẹ̀. Mọ́tò náà, búlúù tí oòrùn ti họ láwọ̀, ló fi ń kó iṣu bọ̀ láti oko. Misturat ni àbíkẹ́yìn, òun nìkan nínú àwọn ọmọ ló sì kù sí i lọ́dọ̀ láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú. Lọ́jọ́ tí àwọn ará Ìlerò wá tọrọ rẹ̀ fún Samsudeen ọmọ wọn, Mọ́nsúrù dìde láàárín èrò, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó ní, "Mo dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ háyà mọ́tò kankan. Èmi tí mo bí i, èmi náà ni n ó fi mọ́tò ara mi gbé e wá." Èrò pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mọ́tò dá wàhálà sílẹ̀. Tó bá ń lọ tààrà, kò sí nǹkan kan. Tó bá yà sọ́tùn-ún, wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kó sáà ti yà sósì, háà! Gìrìrì-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, bí ẹni ń fi ọlọ lọ òkúta. Ni Mọ́nsúrù ò bá yà sósì mọ́. Ọjà tí kò ju kéèyàn yà sósì lẹ́ẹ̀kan kó ti débẹ̀, ọ̀tún, ọ̀tún, ọ̀tún ló ń yà, tó ń pòòyì kiri àdúgbò pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì," ni Misturat wí.

"Mẹkáníìkì wo? Èyí tó tún un ṣe níjọ́sí, tó kó nọ́ọ̀tì inú mọ́tò ẹ̀kúnwọ́ fún mi pé ó ṣẹ́kù? Mi ò lọ!"

Ìyá Mọ́nsúrù, Ìyá Àgbà Àwáwù, ló wá dá àrùn náà mọ̀ láti ẹ̀yìn mọ́tò tó jókòó sí. Ó ní, "Mọ́nsúrù, orúnkún ni. Bí tèmi ṣe ń ké gan-an nìyẹn tí mo bá fẹ́ kírun. Òrí ni kó o fi pa á."

Ẹ gbà mí o! Ṣé ó yẹ kí àgbàlagbà ọkùnrin gba irú ìmọ̀ràn yìí? Ó gbà á, tayọ̀tayọ̀. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó rí i pé rọ́bà tó bo oríkèé ẹsẹ̀ iwájú lọ́tùn-ún ti ya, gíríìsì inú rẹ̀ sì ti dà nù. Ó bu òrí ìyá rẹ̀, ó tì í bọ ibẹ̀, ó fi àkísà dì í bí ẹni di egbò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, nínú òtútù ọyẹ́, mọ́tò yà sósì, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mọ́nsúrù ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Oòrùn wá mú. Òrí yọ́, ó ń kán tó, tó, tó sílẹ̀. Nígbà tí Mọ́nsúrù kírun àlàásárì tán tó jáde ní mọ́ṣáláṣí, ajá mẹ́ta ló bá nídìí mọ́tò, tí wọ́n ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ìrù wọn ń mì.

"Aùsùbíláhì!" ló ké. "Mọ́tò tí yóò gbé ìyàwó!"

Ó rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé kéú, pé abọ́ tí ajá bá lá, ẹ̀ẹ̀meje là á fọ̀ ọ́, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti yẹ̀ẹ̀pẹ̀. Àlùfáà tó wà níbẹ̀ ní abọ́ ni wọ́n sọ o, wọn ò dárúkọ mọ́tò. Ta ló ń gbọ́? Mọ́nsúrù ti bu yẹ̀ẹ̀pẹ̀, ó fi ha ẹsẹ̀ mọ́tò, ó tú àkísà, ó ha á títí dénú oríkèé tí òrí wà, ó sì tún un dì. Igbe tí mọ́tò ké nígbà tó yà sósì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹran tó wà lójú títì tú ká.

Ìgbéyàwó wá ku ọ̀la. Misturat rọra wọlé tọ̀ ọ́. "Bàbá, àwọn ará Ìlerò ní àwọn lè fi mọ́tò ránṣẹ́."

Ó dùn ún wọra. Kò tilẹ̀ bínú mọ́, ó kàn dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó forí lé ọ̀dọ̀ Ayọ̀dèjì, mẹkáníìkì ọjọ́sí náà gan-an.

Ayọ̀dèjì ní kó yí ọwọ́ mọ́tò sósì pátápátá, kó máa yípo lórí pápá, òun náà wá ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó tẹ etí sílẹ̀. Ó fi jáàkì gbé e, ó tú àkísà, ó fi ìka tọ́ inú oríkèé, ó gbóòórùn rẹ̀. "Bàbá Misturat, òrí kọ́ nìyí? Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ńkọ́? Àbí ẹ fẹ́ gbin iṣu síbẹ̀ ni?"

"Ìyá mi ló ní kí n ṣe é," ni Mọ́nsúrù wí. Ọkùnrin tó ti hewú! Ayọ̀dèjì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ oríkèé tí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ti jẹ, ó fi òmíràn sí i, ó rọ gíríìsì kún un, ó sì fi rọ́bà tuntun bò ó.

Wọ́n so yìgì tán lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbọ̀nà Ìlerò. Misturat àti Ìyá Àgbà wà lẹ́yìn. Kọ́ńà òsì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dé, Mọ́nsúrù á di ọwọ́ mọ́tò mú gírígírí. Mọ́tò ò dún rárá. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé àwọn Samsudeen, ó yà sósì wọ inú àgbàlá, ó dúró.

"Mọ́nsúrù, ó tún ti ń dún o!" ni Ìyá Àgbà wí.

Misturat ká ìbòrí rẹ̀ sókè, ó nà síwájú, ó wo ojú bàbá rẹ̀. Ẹkún ló ń sun, omijé ti rin ọrùn agbádá rẹ̀.

"Mọ́tò kọ́, Ìyá Àgbà," ló wí. Ó gbé ọwọ́ lé bàbá rẹ̀ léjìká. "Bàbá, mọ́tò yín ti dákẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ dákẹ́."

Mọ́nsúrù mi orí pé òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò pa mọ́tò, kò sì ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin ilé ti ń kọrin bọ̀ wá pàdé ìyàwó. Misturat ló na ọwọ́ kọjá léjìká rẹ̀, tó fúnra rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ pa mọ́tò.