Káàdì Àjọ Tí Gbogbo Ojú Lè Kà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́, àmọ́ bí mo bá rántí rẹ̀, ó ṣì máa ń rí mi lára. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi ní Fìdítì.

Mo ń kọ́ṣẹ́ ọnà ní pólì nígbà náà. Kò tíì sí fóònù lápò ẹnikẹ́ni. Alájọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri ni báǹkì àwọn ìyá wa!

Wọ́n ní kí oníkálukú wa ṣe próójẹ́ẹ̀tì tó máa wúlò fún ará ìlú rẹ̀. Ìyá Ṣadé ló sọ sí mi lọ́kàn, aládùúgbò wa tó ń ta ọsàn létí títì. Kò mọ̀wé. Àmì tí alájọ ń fà sí káàdì rẹ̀ kì í yé e, èmi ló máa ń bi pé èló ni òun ti ní.

Ni mo bá ya káàdì tuntun. Ọgbọ̀n ọsàn ni mo yà sí i, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Bó bá ti dá náírà márùn-ún, alájọ á fi bírò pupa kun ọsàn kan. Ẹni tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí á mọ iye tó ní! Ìyá Ṣadé ṣàdúrà fún mi títí. Owó ìdánwò àṣejáde Ṣadé ló ń dá, kò sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbọ́, torí owó kì í pẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.

Ṣé ẹ ti ń rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ? Èmi ò rí i o!

Ó pẹ́ tí Bàbá Ṣadé ti ń rí káàdì àtijọ́ lábẹ́ ẹní. Òun náà ò mọ̀wé, kò yé e, kò sì bìkítà. Àmọ́ lọ́jọ́ tó rí tèmi, tí ọsàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti pọ́n lórí rẹ̀, ṣé ó tún nílò ẹni tí yóò kà á fún un ni? Ó mú un, ó wọkọ̀ lọ bá alájọ nílé rẹ̀ ní Ìlọrà, ó ní ìyàwó òun ló rán òun. Alájọ ka owó lé e lọ́wọ́.

Ẹ mọ ohun tó fi rà? Rédíò kásẹ́ẹ̀tì! Ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yí i sókè, Ṣadé sì wà ní yàrá, ó ń sunkún. Bí mo ṣe ń kọjá, Bàbá Ṣadé ní kí n wá jó. 

Mo lọ bá alájọ. Ó ní ṣebí ọkọ rẹ̀ ni, àti pé ẹni tó bá mú káàdì wá lòun mọ̀. Ojú ò tiẹ̀ tì í, ó tún ní kí n bá òun ya igba irú káàdì náà sí i!

Olùkọ́ mi ńkọ́? Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo rí i pé iṣẹ́ mi dára, nígbà tí púrúǹtù pàápàá lè kà á. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù ní kíláàsì. Mo kórìíra máàkì ọ̀hún títí dòní.

Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé. Kò bú mi, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ó ní, "Ọmọ mi, o béèrè ohun tí mo fẹ́ mọ̀. O ò béèrè ẹni tí n kò fẹ́ kó mọ̀."

Ṣadé kò ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ̀ ń ṣe áàpù tí a fi ń sanwó, tí a fi ń ṣọ́ owó wa lórí fóònù, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó fi owó obìnrin hàn gedegbe, ẹ bi í pé ta ló ń bá a gbé. Àwọn Bàbá Ṣadé ò tíì tán nílẹ̀. Ta ni wọ́n ti ṣe báyìí fún rí nínú yín? Ẹ sọ ọ́ síbí, ká jọ tutọ́ sí i!