Kókó Inú Aṣọ Ìnujú Ọkọ Mi

Bí òjò bá dá ní Pobè, tí oòrùn sì bà lé ẹfinrin ẹ̀yìnkùlé mi, òórùn rẹ̀ a gbé mi lọ bí ẹni tó sùn tí kò sùn. Mo tún ń rí ọkọ mi lórí àga rẹ̀, aṣọ ìnujú ní imú, tó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo kà á nínú ìwé Faransé kan, nígbà tí mo ṣì ń ṣe olùkọ́, pé òórùn dídùn lè tan ọkàn ẹni tí sìgá ń pè. Mo gún ẹfinrin àti koríko ọba, mo fi èèpo ọsàn kún un, mo wé e sínú aṣọ ìnujú, mo sì ta á ní kókó kí ó má baà dà sápò. Bí sìgá bá ti ń pè é, a gbé e símú.

"Màdáámù, ewúrẹ́ rẹ dé," ni yóò wí, "fún un léwé."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi fẹnu kan sìgá. Ikọ́ tí sìgá ń fà fún un rọlẹ̀.

A wá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Sakété. Ìyẹn gbé ẹ̀wù ọkọ mi pé òun fẹ́ fọ̀ ọ́, kókó já bọ́.

"Ẹ wá wo ohun tí ìyàwó fi de àbúrò mi mọ́lẹ̀ o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú u wò. Ewé ọbẹ̀ ni."

"Kí n tú u? Kí ọwọ́ mi lè rọ?"

Ó jù ú sínú ààrò. Gbogbo agbo ilé ń wo ọkọ mi, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó tọrọ sìgá lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì tan án níbi iná tí aṣọ ìnujú ti ń jó gan-an, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọkùnrin lòun. Kò wo ojú mi. Kò sì fi sìgá sílẹ̀ mọ́ títí a fi sin ín.

Lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n náà ránṣẹ́ pè mí. Ó ti darúgbó, dókítà sì ní kó jáwọ́ nínú aṣáà tó ń fà símú.

"Ìyàwó, ṣé o ṣì mọ èyí tí o ṣe fún àbúrò mi?"

Mo ṣe é lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ta kókó náà le.

"Ẹ fúnra yín tú u."

Ó ń fi èékánná họ kókó náà. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó tú. Ó wo inú rẹ̀, ó tún un wò.

"Ewé ọbẹ̀ ni."

"Ohun tí mo wí lọ́jọ́ náà nìyẹn."

Ó gbé e símú. Òórùn náà gba gbogbo yàrá, ó sì dà bíi pé ọkọ mi wà láàárín wa, tó ń dúró de ewé tirẹ̀. N kò dárí ji ẹ̀gbọ́n náà. Mo kàn bá a ta kókó náà padà, kí ó má baà dà, mo sì gun alùpùpù padà sí Pobè.