Búrọ́ọ̀ṣì Tí Kò Ju Àtàǹpàkò Lọ

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo fi jẹun títí orúnkún fi ní kí n sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Ẹni tó bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́ dàgbà bíi tèmi, kò lè wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn kó má wo búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ tí àdúgbò ń pè ní Bàbá Díẹ̀díẹ̀, n kò wo abẹ, n kò wo dígí. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì ńlá kan dúró nínú ife lórí pẹpẹ abẹ́ dígí. Irun rẹ̀ gùn, ó sì nípọn, ìdí rẹ̀ sì ń dán bíi bàtà tuntun. Oníbàárà kan tó rìnrìn àjò ló rà á bọ̀ fún un. Mo ti ń gbé àgbọ̀n sókè dè é. Àmọ́ ọkùnrin yìí kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó sì yọ nǹkan kúkúrú kan jáde tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, irun orí rẹ̀ kúrú, ó sì ki pọ̀ ṣìkìtì. Ó rì í bọ omi, ó yí i lórí ọṣẹ díẹ̀, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan ṣoṣo, ó fá a tán, kó tó padà sídìí ọṣẹ fún èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àgbọ̀n, lẹ́yìn àgbọ̀n ló kan ọrùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Díẹ̀díẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé àìní ni. Nígbà tí mo wo àga rẹ̀ àti abẹ rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe aláìní. Mo wá rò pé ahun ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, torí búrọ́ọ̀ṣì ńlá a máa jẹ ọṣẹ, ìdajì rẹ̀ gọ́tà ló ń lọ. Mo bi í léèrè ohun tó ń fi ti inú ife yẹn ṣe.

Ó ní, "Òun ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, Ẹ̀gbọ́n."

Ìdáhùn yẹn kò tó mi. Mo di oníbàárà, mo sì di ọ̀rẹ́, ká má parọ́, nítorí kí n lè mọ ìdí ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni. Bó ṣe ń fá irùngbọ̀n díẹ̀díẹ̀ náà ló ń sọ̀rọ̀. Ó gbà mí lọ́pọ̀ ìjókòó kí n tó kó ìtàn rẹ̀ jọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ àwọn aláìsàn tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ló fi gbórúkọ. Ó máa ń lọ láti ilé dé ilé, á fá irùngbọ̀n fún wọn níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Búrọ́ọ̀ṣì ńlá kò ṣeé lò níbẹ̀: omi rẹ̀ á rin ìrọ̀rí, ìfófó á wọ ihò imú ẹni tí kò lágbára láti sín. Ló bá ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan gbẹ́ èyí tó máa wọ inú ìkúùkù fún òun, ó sì fi irun ẹṣin sí i lórí. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ru àpò tẹ̀ lé e. Ọṣẹ nìkan ni wọ́n jẹ́ kó máa pa fún ìgbà pípẹ́, wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan abẹ. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì fún ọmọ àbúrò rẹ̀ ní búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Ọmọ bíbí inú náà ti ta àga, ó ti ta dígí. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ gbà pé òun lòun jogún.

Gbogbo èyí dára, àmọ́ oníbàárà tirẹ̀ kò sàìsàn. Orí àga ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n sì lè sín bó ṣe wù wọ́n. Kí ló wá ń fi kékeré ṣe? Ọ̀rọ̀ ọkọ ọmọ rẹ̀ ló jẹ́ kí n rí i.

Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ ọmọ rẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tó ta ọkọ̀. Láti ìgbà náà, yàrá kan lẹ́yìn ilé bàbá ìyàwó rẹ̀ ni òun àti ìyàwó ń gbé. Ẹ mọ bí ìyẹn ṣe rí lára ọkùnrin. Bó bá fẹ́ wẹ̀, á dúró kí àna rẹ̀ kọ́kọ́ wẹ̀. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tó wá ríṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì ńlá kan, gbogbo ilé ló mí kanlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń wá yàrá tí wọ́n máa kó lọ.

Ilé búrẹ́dì yẹn ní òfin kan. Wọn kò fẹ́ irun nínú ìyẹ̀fun. Láràárọ̀, ọ̀gá kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, á fi nu àgbọ̀n gbogbo ọkùnrin. Bí òwú bá há, onítọ̀hún á yí padà sílé. Kílípà kò lè gba ẹnikẹ́ni níbẹ̀, torí ó máa ń fi ṣóńṣó sílẹ̀. Abẹ nìkan ló lè mú un dán.

Ọkọ ọmọ yìí sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí irun ọrùn wọn máa ń lọ́ padà wọ inú awọ. Kókó ni gbogbo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ojú ń tì í láti fi han àna rẹ̀, ló bá fi abẹ fá a fúnra rẹ̀, ó sì dé ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára kọ́là. Òwú tí wọ́n fi nù ún há, ó tún pọ́n. Ọ̀gá náà kò burú. Ó ní kó lọ tọ́jú ọrùn rẹ̀, kó padà wá lọ́jọ́ Ajé, àmọ́ bí òwú bá tún há, wọ́n á fi iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Bàbá Díẹ̀díẹ̀ gbọ́, kò bá a wí. Ó gbé e jókòó sórí àga ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi aṣọ gbígbóná bo ọrùn rẹ̀, ó sì mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré jáde. Kò mú abẹ. Ó kàn ń yí orí búrọ́ọ̀ṣì yẹn lórí kókó kọ̀ọ̀kan, yíyí kékeré, yíyí kékeré. Mo sún mọ́ ọn. Irun tó sùn sínú awọ ń yọjú bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé wọ́n ń pè é lórúkọ.

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Tí a bá ń kun ilé, búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ ni ti ògiri, àmọ́ etí fèrèsé, níbi tí igi ti kan gíláàsì, kékeré ló lè ṣe é. Mo sọ fún un pé mo ti mọ̀ ọ́n: ojú èèyàn, etí fèrèsé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ pé ọ̀dà tó mọ́ mi lára lè gbọ́n tó báyìí.

Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ọrùn ń rọ̀, kókó ń wálẹ̀. Wọ́n fi fífá sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó Bàbá Díẹ̀díẹ̀ se àwọn aṣọ ìnura ṣọ́ọ̀bù bó ṣe máa ń sè wọ́n, nínú ìkòkò ńlá, pẹ̀lú ọṣẹ líle, kí omi hó dáadáa. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ ti gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sórí aṣọ ìnura kan lálẹ́ àná kó lè gbẹ, ó sì ti gbàgbé. Ìyàwó ká aṣọ mọ́ ọn, kò mọ̀. Ká ní ńlá ni, ì bá ti kan ọwọ́ rẹ̀. Ó rí irun lójú omi, ó rò pé òwú ara aṣọ ni, ó sì da omi nù sí gọ́tà. Nígbà tó ń sá aṣọ lórí okùn ni igi búrọ́ọ̀ṣì jábọ́, ó pá kodoro, ó sì ti là sí méjì.

Mo dé bá wọn nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ jókòó sórí àga oníbàárà, ó mú igi náà lọ́wọ́. Ìyàwó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tútù.

Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ bá mi wí, kí n lè mọ̀ pé ẹ ti gbọ́."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ta ló gbé e sórí aṣọ? Èmi ni. Kí ni mo fẹ́ bá ìwọ wí sí?"

Mo jáde lọ wá òmíràn. Mo yí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀. Àwọn tó ń tà á kò pọ̀ mọ́, èyí tí wọ́n sì ní tóbi bí orí àkùkọ. Ọmọbìnrin kan ní òun kò mọ ohun tí mo ń wí, àbí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni. Ọwọ́ òfo ni mo padà dé.

Wọ́n ti ń dán ti inú ife wò lára ọkọ ọmọ. Ó dùn ún wò. Ìfófó bo ẹnu, ó bo etí, ó wọ imú, ọkùnrin náà sín lẹ́ẹ̀kan, ìfófó funfun sì fọ́n sára dígí.

Ó ní, "Bàbá, mo rò pé fífá ni. N kò mọ̀ pé ẹ fẹ́ kùn mí ni."

Bàbá Díẹ̀díẹ̀ ní, "Ìyẹn, Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́dà ni kí o bẹ̀." Àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ìfófó náà nù, ó tẹjú mọ́ ọrùn. Irun gígùn búrọ́ọ̀ṣì yẹn ti sùn gbalaja lórí kókó, kò gbé ohunkóhun dìde. Ó ní òun kò ní fi abẹ lé ọrùn yìí. Ọkọ ọmọ wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ yàrá tí wọ́n fẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló ń rò ó.

Ìyàwó Bàbá Díẹ̀díẹ̀ mú sísọ́ọ̀sì ìránṣọ rẹ̀ wá. Ó ní ṣebí gígùn ló jẹ́ ẹ̀sùn rẹ̀, kí àwọn gé e kúrú. Èmi àti ọkọ rẹ̀ jọ na ọwọ́ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Orí irun ló tín-ínrín, ibẹ̀ ló rọ̀. Bí o bá gé orí rẹ̀, ó di abẹ́rẹ́. Gbogbo ọlọ́dà tó bá ti gé búrọ́ọ̀ṣì rí ló mọ̀ ọ́n, ìlà ló máa ń fi sí ara igi.

Mo ní, "Ìdí ni ká ti dín in kù. Àmọ́ gọ́ọ̀mù ló mú un níbẹ̀, kò ní tú."

Ìyàwó wo ìkòkò rẹ̀. Ó ní, "Ti kékeré ṣe tú?"

A wo ara wa. Lóòótọ́, omi híhó tó pa kékeré lè tú ńlá. Ó ku kí ẹni tó ni ín gbà. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni ohun tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà tuntun máa ń wò ó kí wọ́n tó wo àga, mo sì mọ iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó rò ó dáadáa, pé bí a bá bà á jẹ́, kò ní kékeré, kò ní ńlá.

Ó yọ ọ́ nínú ife, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. "Ìyá wọn, sè é."

Irun rẹ̀ tú wọ́ọ́rọ́wọ́. A sá a lórí bébà títí ó fi gbẹ, mo sì yan èyí tó máa tó wa, mo to orí wọn dọ́gba nípa gbígbọ̀n wọ́n sínú ìdérí ìgò. Mo fi òwú dì í nítòsí orí, mo gé ìdí tó ṣẹ́ kù dànù. Ọwọ́ ìdìmú ló wá kù, torí ti inú ife gùn jù, ti kékeré sì ti là. Ìyàwó ló tún wá a. Ó tú òwú tó kù lára kẹ̀kẹ́ òwú onígi kan, ó yí i sára òmíràn, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ náà fún mi. Ihò àárín rẹ̀ gba ìdí irun náà bíi pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Mo fi gọ́ọ̀mù sí i, a gbé e sórí fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kí aṣọ kankan sún mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Bàbá Díẹ̀díẹ̀ rì í bọ omi. Irun díẹ̀ já sí i lọ́wọ́, ó gbọ̀n wọ́n nù. Ó yí i lórí ọṣẹ, ó sì gbé e sára kókó àkọ́kọ́. Ó yí i, ó tún yí i.

Ó ní, "Ó ń gbọ́ràn."

Ó fá ọrùn yẹn díẹ̀díẹ̀ débi pé èmi sùn, mo tún jí. Ibi tí irun dorí kọ ló ń bá a lọ, kò fá ojú kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó parí, ìyàwó rẹ̀ já òwú, ó fi nu àgbọ̀n ọkọ ọmọ rẹ̀. Òwú yọ̀, kò há.

Síbẹ̀ òwú ìyàwó kọ́ ni òwú ọ̀gá ilé búrẹ́dì. Lọ́jọ́ Ajé, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, n kò sì ní irùngbọ̀n tí mo fẹ́ fá. Iwájú ibẹ̀ ni ọkọ ọmọ gbọ́dọ̀ gbà bí wọ́n bá dá a padà. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ ń fá oníbàárà, ojú rẹ̀ ń lọ sí ọ̀nà láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì. Ìyàwó rẹ̀ gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé kọjá. Oníwèé ìròyìn kọjá. Oòrùn dé àárín ọ̀run, ó rékọjá, ẹni tí à ń wọ̀nà fún kò gba ibẹ̀ kọjá.

Ìyàwó gbé ìgbálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní, "Ó dà bíi pé yàrá ẹ̀yìnkùlé á ṣófo."

Ọkọ rẹ̀ fọ búrọ́ọ̀ṣì kẹ̀kẹ́ òwú náà, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó sì ń wo ibi tó máa gbé e sí. Ìyàwó ti ki okùn pupa kan bọ inú ihò kẹ̀kẹ́ náà nísàlẹ̀ kí n tó fi gọ́ọ̀mù dí i. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ sára ìṣó ẹ̀gbẹ́ dígí, níbi tó jìnnà sí aṣọ ìnura. Ife ti abẹ́ dígí ṣófo. Irun tó ṣẹ́ kù lára búrọ́ọ̀ṣì ńlá ni mo bèèrè. Mo ní etí fèrèsé kan nílé tí n kò tíì kùn.