Kọ́bọ́ọ̀dù Ọtí Mádàánù

Ọjọ́ tí Mádàánù sọ pé òun fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọtí sí pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ rò pé àìsàn náà ti gun orí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì tó fi ń ránṣọ, ó sì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọtí kẹ̀, Bàbá wọn? Ẹ̀yin tí dókítà ní ẹ kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án mọ́?"

"N kò ní í mu ún." Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá ọ̀tún. "Mo fẹ́... mo fẹ́ máa rọ ọ́ fún wọn ni."

Àwọn ọmọdé àdúgbò rò pé ahun ni bàbá náà, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Mádàánù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ agbépo ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, epo rẹ̀ kò sì kán sójú títì rí. Bó ṣe ń wa ọkọ̀ náà ló ṣe ń rọ ọtí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a pé sí pálọ̀, òun fúnra rẹ̀ a gbé ìgò, a rọ tẹnìkọ̀ọ̀kan dé etí ife, ìfófó rẹ̀ a sì dúró gbọin, kò ní í ṣàn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a pàtẹ́wọ́. Òun a ṣe bí ẹni pé kò gbọ́.

Àìsàn dé, ìyàwó rẹ̀ ló wá ń dìde. Aránṣọ tó ti jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀ yóò tún fi ọwọ́ ti ìbàdí, yóò lọ ṣí fíríìjì, yóò gbé ife, yóò nu tábìlì. Bó bá ti ń rọ ọtí, ọkọ rẹ̀ a kọjú sí ògiri. Àwọn àlejò náà lójú. Wọ́n ń rí bí aránṣọ náà ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Màmá, a ti ń lọ." Bí wọ́n ṣe ń dín kù nìyẹn, tí ó fi ku Mẹkáníìkì nìkan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe. Òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Bí Mẹkáníìkì bá ṣíwọ́, ògiri ni yóò kù tí Mádàánù yóò máa bá sọ̀rọ̀. Aránṣọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe káfíńtà.

Káfíńtà náà fi pẹ́ńsù há etí wọlé. Ó tọrọ ṣọ́ọ̀kì tí aránṣọ fi ń sàmì sáṣọ, ó sì ya kọ́bọ́ọ̀dù náà sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní í ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ o. Iwájú ló máa dùbúlẹ̀ sí báyìí, á di tábìlì tí wọ́n á máa gbé ife lé. Ìgò á dúró lẹ́yìn rẹ̀, ife á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Kí ló máa wá wà nísàlẹ̀?"

"Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Aránṣọ tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ àwòrán náà. Láti ìgbà tó ti délé ọkọ, inú báàgì kan lábẹ́ ibùsùn ni òwú, bọ́tìnnì àti síìpù rẹ̀ ń gbé. Bó bá fẹ́ mú ẹyọ òwú kan, àfi kó kúnlẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

"Bá mi fi dúrọ́ọ̀ méjì síbẹ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. "Èyí tó ṣeé fà jáde. Fún òwú mi."

"Tábìlì yẹn ńkọ́? Níbo ni kó mọ?"

Ó dìde, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀ àyà rẹ̀, níbi tí ìbàdí kò ti ní í fìyà jẹ ẹ́. "Ibí."

Mádàánù la ẹnu lórí àga rẹ̀. "Ó... ó ti..."

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí káfíńtà ṣiṣẹ́," ni aránṣọ wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Káfíńtà kọ ìwọ̀n sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dúró de ọ̀rọ̀ náà kó dé.

Nígbà tí wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà dé, ó ń dán bí ojú dígí. Aránṣọ to òwú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, dúdú sọ́tọ̀, funfun sọ́tọ̀; ó fà á jáde, ó tì í padà, ó tún fà á jáde. Lọ́jọ́ Àìkú, Mẹkáníìkì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Háà! Mádàánù ti di onílé ọtí! Ó yá, ọ̀gá, àlejò ti dé, ọ̀fun ti gbẹ."

Mádàánù rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹsẹ̀ òsì wọ́ àga rẹ̀ sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó sì na ọwọ́ òsì, nítorí èyí nìkan ló ń jẹ́ ìpè. Ọwọ́ náà kò tó o. Ó gbìyànjú láti dìde, orúnkún kọ̀ ọ́. Ó tún nà án; èékánná rẹ̀ ń ha pákó bí eku, ìka rẹ̀ kò kan ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Mẹkáníìkì tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀.

Aránṣọ dìde bó ṣe máa ń dìde. Ó ṣí i, ó rọ ọtí, ó gbé e kalẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò fi "ẹ" pè é rí. Bí àlejò ṣe ń kí ẹni tó ń tajà fún un nìyẹn. Ó sì kọjú sí ògiri. Mẹkáníìkì kò mu ọtí náà tán tó fi lọ.

Inú bí aránṣọ. Owó káfíńtà, làálàá, gbogbo rẹ̀ já sí "ẹ kú iṣẹ́". Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún lọ́jọ́ kejì nígbà tí oníbàárà kan wá ran ṣòkòtò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà nàró gbọnrangandan.

"Jókòó kí n wọ̀n ọ́!" ni aránṣọ jágbe mọ́ ọn. "Ṣé ìdúró lo máa wà níbi iṣẹ́ ni? Aṣọ tí wọn kò bá fi ìjókòó wọ̀n, bí ẹni tó ni ín bá jókòó tán ló máa..."

Kò parí rẹ̀. Oníbàárà wò ó títí. "Màmá, ó máa kí ni?"

"Máa lọ ná. Padà wá lọ́la."

Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó lọ sí pálọ̀, ó wọn ọkọ rẹ̀ lórí ìjókòó láti ilẹ̀ dé orúnkún, láti orúnkún dé ìgbọ̀nwọ́.

"Kí ni?" ni Mádàánù bi í. "Ṣé... ṣé pósí lẹ fẹ́ kàn fún mi?"

"Owó pósí ti bá kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ẹ gbé ọwọ́ sókè. Ìyẹn kọ́, èyí tó ń ṣiṣẹ́." Ó wọn ibi tí ọwọ́ náà dé. Nígbà tó yá ó béèrè pé, "Lọ́jọ́ tí káfíńtà wá, kí lẹ fẹ́ sọ?" Ó sì dúró. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dúró.

"Ó ti... ga jù."

Nígbà tí aránṣọ ní kí káfíńtà wá rẹ kọ́bọ́ọ̀dù náà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá itan. "Iṣẹ́ tó ti parí! Màmá, ibi dúrọ́ọ̀ nìkan ló ṣeé gé. Tí mo bá gé e, dúrọ́ọ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin náà á sì máa tẹ̀ ba kẹ́ ẹ tó lè nù ún."

Aránṣọ wo dúrọ́ọ̀ méjèèjì. Ó rẹ̀ ẹ́ dé ibi tí kò ti lè jiyàn.

"Gé e. Kó o sì gbé ibi tí wọ́n ti ń ṣí i sápá òsì."

Ó ń kó òwú padà sínú báàgì bí ayùn ṣe ń dún.

Lọ́jọ́ Àìkú, Mádàánù wọ́ àga rẹ̀, ó na ọwọ́, ilẹ̀kùn náà sì dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbé ìgò. Ìgò kan ife ko, ko, ko. Ìfófó ru, ó ṣàn sórí pákó, ó kán sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti ife náà síwájú.

Mẹkáníìkì wo ilẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mádàánù, ó dà nù o! Ọwọ́ òsì lo tún fi gbé e fún mi!"

"Òun ló kù. Bí o kò bá... gbà á, màá gbé e fún ẹlòmíì."

"Ta ló ní n kò gbà?" Mẹkáníìkì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Kò wo aago.

Aránṣọ ti di àkísà mú. Ó wo ọtí tó ń kán sílẹ̀, òun náà ni yóò tẹ̀ ba nù ún, kò sí ẹlòmíràn. Ó fi àkísà náà sórí itan, ó sì fẹ̀yìn ti àga.

"Ìyá wọn," ni ọkọ rẹ̀ pè. Ó ti mú ife mìíràn. "Kí ni kí n... rọ fún ọ?"

Aránṣọ na ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà.

"Omi," ló wí. "Ẹ rọ ọ́ kún dáadáa."