Féèpù Mánsúrù Tó Ń Jò

Ó ti tó ọdún méjì ààbọ̀ tí Mánsúrù ti wà ní Manchester. Nígbà tó ń lọ, ó gbàgbé féèpù rẹ̀, sìgá oníbátìrì tí èéfín rẹ̀ máa ń ta sánsán bíi máńgòrò, sójú fèrèsé yàrá wọn ní Àgbówó.

Latifah ìyàwó rẹ̀ kì í mu sìgá. Síbẹ̀, ó fi agbádá ọkọ rẹ̀ wé féèpù náà, ó sì tẹ́ ẹ sínú àpótí aṣọ kí ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, má baà rí i. Màmá ò mọ̀ pé ọmọ òun ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èmi ọ̀rẹ́ Latifah bi í léèrè ìdí tó fi tọ́jú rẹ̀, ó ní nǹkan olówó iyebíye ni. Mi ò gbà á gbọ́.

Lóṣù tó kọjá, omi inú táńkì kékeré orí féèpù náà jò sí ọrùn agbádá. Latifah pe ọkọ rẹ̀. Ìpè wọn kì í sábà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta: ṣé ara le, Àníọlá ńkọ́, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n lò.

"Báwo lo ṣe gbé e sí?"

"Mo tẹ́ ẹ sínú agbádá yín."

"Ìyá Àníọlá, ṣé òkú ni, tó o fi ń fi aṣọ wé e? Ìdúró ni wọ́n ń gbé e sí."

Ó ní kó tú táńkì náà, kó nu ún, kó wo wọ́sà, ìyẹn òrùka rọ́bà tín-ín-rín tó wà nídìí rẹ̀. Ó ti là. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Latifah fi wọ́sà sílíńdà gáàsì dán an wò. Kò wọlé. Mánsúrù rẹ́rìn-ín títí lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ kẹta, Latifah rí èyí tó bá a mu rà ní Bódìjà.

Ọ̀sán Sunday tó kọjá ni mo lọ sílé wọn. Féèpù náà wà ní ìdúró nínú ife, tíṣù funfun nídìí rẹ̀. Latifah ní láti ọjọ́ Jímọ̀ ló ti wà bẹ́ẹ̀. Tíṣù náà gbẹ.

Fóònù dún. Mánsúrù ni, lórí fídíò.

"Ṣé ó ti dáwọ́ dúró?"

Latifah wo tíṣù náà. Ó wò mí. Ó rọra sún ife sẹ́yìn fóònù.

"Ó ṣì ń jò."

"Pẹ̀lú wọ́sà tuntun? Ó dáa. Mú tíṣù mìíràn wá. Jẹ́ ká tún un tú látìbẹ̀rẹ̀."

Ohùn Màmá wọlé láti pálọ̀. "Latifah, ta lẹ jọ ń sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ yín ni, mà."

"Ọmọ mi tó ní òun kì í ráyè?"

Latifah gbé fóònù ti ìgò omi kí ó lè máa rí ojú ọkọ rẹ̀ dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí kò bàjẹ́.